Ọmọ oníṣòwò pákó Bódìjà tó fẹ́ jẹun lórí yìnyín: àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ìdílé kan n'Ìbàdàn

Ìdílé tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbà kí n kọ ọ́ sílẹ̀, a sì ti jọ fẹnu kò pé n kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá òbí àti ọmọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ọ̀nà àtijẹ. Mo ti bá ọmọ tó fẹ́ fi yunifásítì sílẹ̀ sọ̀rọ̀, mo ti bá òbí tó ń fẹ́ nọ́ọ̀sì àti ọmọ tó ń fẹ́ tíátà parí ìjà. Nínú gbogbo ìyẹn, ó kéré tán, gbogbo wa la mọ ohun tí à ń jà lé lórí. Nínú tèyí, kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí tó lè ṣàlàyé iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe, ká má tíì sọ èyí tó fẹ́ lọ ṣe. Torí ẹ̀ ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí òbí mìíràn kà á.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀

Bàbá ń ta pákó ní Bódìjà, níbi tí wọ́n ti ń la igi, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti wà níbẹ̀. Ìyá ń ta aṣọ ní Gbági. Ọmọ méjì ni obìnrin nínú àwọn ọmọ wọn, ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí sì ni àkọ́bí ọkùnrin. Láti kékeré ló ti ń bá bàbá rẹ̀ to pákó, tó ń bá a kà á fún oníbàárà. Ó lè fi ojú lásán mọ arère yàtọ̀ sí àfàrà. Ó gba ìwé ẹ̀rí ND nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó wáṣẹ́ títí, kò rí. Nígbà tó yá, ó ní Dubai lòun ń lọ.

Ìyá ló san èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà. Ó kó àjọ, ó tún yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó wà. Ájẹ́ǹtì tó bá wọn ṣètò ìrìnàjò ní iṣẹ́ gbígba àlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì ni ọmọ máa ṣe. Nígbà tó débẹ̀, yàrá ìfọṣọ ni wọ́n mú un lọ. Ó fara dà á, ó ń fi owó ránṣẹ́ bó ṣe ń rí, títí àdéhùn iṣẹ́ náà fi parí. Lẹ́yìn náà ló wá ríṣẹ́ sí ibì kan tí wọ́n ti kó yìnyín jọ sábẹ́ òrùlé di òkè, tí àwọn èèyàn ń sanwó láti fi pátákó yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ nípa ẹ̀ rí lè rò pé àlọ́ ni. Ọdún 2005 ni wọ́n ṣí Ski Dubai nínú ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ń pè ní Mall of the Emirates. Gíga òkè inú ilé yẹn tó mítà 85, ọ̀nà tó gùn jù lórí rẹ̀ sì tó 400 mítà. Ẹ̀rọ ló ń ṣe yìnyín náà, ẹ̀rọ ló sì ń mú kí inú ilé tutù kí yìnyín má baà yọ́, nígbà tí oòrùn ìta lè lé ní ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ọmọ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ó ń há bàtà àti ẹ̀wù òtútù fún àwọn oníbàárà, ó sì ń gbà á padà lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá ṣe tán. Ẹni tó ń tún pátákó ṣe níbẹ̀ rí i lọ́jọ́ kan bó ṣe ń lo fáìlì, ó bi í léèrè ibi tó ti kọ́ ọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e kúrò nídìí bàtà lọ sídìí tábìlì àtúnṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kì bá tí dìjà ká ní ibẹ̀ ló parí sí. Àmọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó pe ìyá rẹ̀ pé òun ti tọ́jú owó díẹ̀, òun sì fẹ́ fi gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ snowboard, ìyẹn eré fífi pátákó yọ̀ lórí yìnyín, kí òun máa tẹ̀ lé yìnyín káàkiri ayé: Kánádà ní oṣù Kejìlá, New Zealand ní oṣù Keje, kí òun máa kọ́ àwọn èèyàn. Ìyá ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán tó fi pa fóònù. Nígbà tó wá bá mi, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Mà, ṣé eré ni mo tìtorí ẹ̀ jẹ gbèsè?" Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà obìnrin, tó wà l'Ékòó, ní kó dára kí ó gba ọ̀nà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, tó ṣì ṣí nígbà náà, lọ sí Ìlú Ọba. Bàbá kò sọ nǹkan kan.

Ta ló ń jẹun nínú iṣẹ́ yìí?

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo ní kí ìyá jẹ́ kí n mọ ìbéèrè rẹ̀ gan-an. Ó ronú, ó ní, "Àwọn tó ti dàgbà nínú ẹ̀, kí ni wọ́n ń ṣe báyìí?" N kò gbọ́ ìbéèrè tó dára ju ìyẹn lọ láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Òun ni mo fi wádìí gbogbo ohun tó kù.

Ìwádìí ọ̀hún sì mú mi dé ibi tí n kò fọkàn sí. Igi ni gbogbo iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ àwọn tó ń fi igi dárà ló ti jáde. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1965, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Sherman Poppen, ní Muskegon ní ìpínlẹ̀ Michigan l'Amẹ́ríkà, so igi ìyọ̀ yìnyín méjì pọ̀ kí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin lè dúró lórí rẹ̀. Snurfer ni wọ́n sọ ọ́, ilé iṣẹ́ ńlá kan sì gbà á tà. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1963, Tom Sims, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní New Jersey, ti gbẹ́ pátákó kan ní kíláàsì iṣẹ́ igi torí yìnyín ò jẹ́ kó rí ibi gun skateboard rẹ̀, pátákó oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gùn lójú títì. Ní 1977, Jake Burton Carpenter fi iṣẹ́ olówó sílẹ̀ ní New York, ó kó lọ sí Vermont, ó ń la pákó, ó ń lẹ̀ ẹ́, ó ń gùn ún, ó ń fọ́, ó tún ń ṣe òmíràn. Ilé iṣẹ́ Burton tó dá sílẹ̀ ló di èyí tó lórúkọ jù nínú òwò yìí, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní 2019.

Nígbà tí mo sọ èyí fún bàbá lórí fóònù, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Káfíńtà ni wọ́n." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ lórí gbogbo ọ̀ràn náà nìyẹn.

Àwọn tí ayé ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n kéré gan-an nínú iye àwọn tó ń jẹun lára snowboard. Òlíńpíìkì Nagano ní 1998 ni wọ́n kọ́kọ́ fi eré náà kún ti òtútù. Láti ìgbà yẹn, èèyàn bíi Shaun White gba góòlù mẹ́ta, ní 2006, 2010 àti 2018, Chloe Kim gba tirẹ̀ ní 2018 àti 2022. Irú wọn kò tó nǹkan. Èyí tó pọ̀ jù ni àwọn tó ń kọ́ni, àwọn tó ń yá oníbàárà ní bàtà àti pátákó, àwọn tó ń wa katakata tí ń tẹ́ yìnyín lóru, àwọn tó ń ya fọ́tò àti fídíò, àwọn tó ń yàwòrán sójú pátákó, àwọn tó ń tà á, àwọn tó ń ṣe é ní ilé iṣẹ́, àti àwọn tó ń tún un ṣe. Sáà ni iṣẹ́ púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí: ní apá àríwá ayé, láti nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin, ní New Zealand, Australia àti Chile, láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá. Láàárín sáà méjì, ẹlòmíràn ń kun ilé, ẹlòmíràn ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà, ẹlòmíràn ń kan pákó.

Ọ̀nà tí àwọn olókìkí gan-an gbà kúrò lójú agbo kò jọra. Kevin Pearce ń múra Òlíńpíìkì 2010 lọ́wọ́ nígbà tó ṣubú ní Park City ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2009, orí rẹ̀ fara pa gan-an. Kò tún padà sí ìdíje mọ́. Ó dá ẹgbẹ́ LoveYourBrain sílẹ̀ fún àwọn tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí. Craig Kelly fi ìdíje sílẹ̀ nígbà tí orúkọ rẹ̀ ṣì ń ró, ó ń kọ́ṣẹ́ afọ̀nàhanni lórí òkè, òkìtì yìnyín tó ya lulẹ̀ sì pa á ní Kánádà ní oṣù Kìíní 2003. Jeremy Jones, tó lókìkí nínú gígun òkè ńlá, dá ilé iṣẹ́ pátákó tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti dá ẹgbẹ́ Protect Our Winters sílẹ̀ ní 2007 nítorí ojú ọjọ́ tó ń yí padà.

Mo ka ìtàn Pearce àti ti Kelly fún ìyá náà bó ṣe wà, n kò bò ó mọ́lẹ̀. Òbí tó bá ń yá owó nítorí ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí ewu wà.

Ó wá rántí àwọn ọmọ wa tó lọ Kòríà. Òótọ́ ni. Ní PyeongChang 2018, Seun Adigun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga wa ọkọ̀ yìnyín tí wọ́n ń pè ní bobsleigh fún Nàìjíríà, Simidele Adeagbo náà sì díje nínú skeleton, eré tí ẹnì kan ti ń dojú bolẹ̀ yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ọkọ̀ yìnyín kékeré. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa lọ sí Òlíńpíìkì òtútù nìyẹn. Adigun ti sá eré fífo ìdènà tẹ́lẹ̀, ní London 2012. Igi ló fi kan ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi dánra wò ní Houston, ó sì ń kàwé dókítà títún eegun ẹ̀yìn ṣe nígbà náà. Adeagbo ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Nike. Ọmọ Gánà kan, Kwame Nkrumah-Acheampong, tó lọ sí Òlíńpíìkì òtútù Vancouver ní 2010, ìdí àtigba àlejò ní ilé yìnyín abẹ́ òrùlé ní Milton Keynes n'Ìlú Ọba ló wà nígbà tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ̀ lórí yìnyín. Mo ní kí ìyá ṣàkíyèsí pé eré nìkan kọ́ ló wà lọ́wọ́ Adigun, Adeagbo àti ọmọ Gánà yìí. Wọ́n ní iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ mìíràn lọ́wọ́.

Ìlẹ̀kùn tí kò ṣí fún ìwé ìrìnnà wa

Ibí yìí ni mo ti rí ohun tó yí gbogbo ọ̀rọ̀ náà padà, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kà á dáadáa.

Ìwé ẹ̀rí olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò le bí a ṣe rò. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní Kánádà, CASI, ní ìpele mẹ́rin. Àkọ́kọ́ kì í gbà ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ó sì máa ń tó láti fi kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ tí ọmọ wa ní níbi iṣẹ́, ọmọ Ìlú Ọba, ọmọ Faransé, ọmọ Australia, ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbà. Wọ́n á gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n á gbéra. Ohun tí wọn kò sọ fún un, torí kò hàn sí àwọn náà, ni pé físà kan ló ń gbé wọn. Físà iṣẹ́ òun ìgbafẹ́ ni, èyí tí orílẹ̀-èdè méjì máa ń jọ ṣàdéhùn lé lórí, tí ọ̀dọ́ láti ọmọ ọdún 18 sí 30, tàbí 35 níbòmíràn, á fi lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìjẹ́ pé agbanisíṣẹ́ kan kọ̀wé pè é. Orí irú físà yìí ni púpọ̀ nínú àwọn òkè yìnyín Kánádà, Japan àti New Zealand ti ń rí òṣìṣẹ́ sáà. Nàìjíríà kò sí lára àwọn tí orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí bá ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bó bá tilẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí lónìí, ó ṣì máa nílò agbanisíṣẹ́ tó máa gbà láti kọ̀wé, láti sanwó, kó sì dúró fún un, nítorí olùkọ́ ìpele kìíní tí yóò ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́rin péré. Ta ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀? Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un lórí fóònù, kò fèsì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní, "Àǹtí, gbogbo wọn ló mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n gùn. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi rí." Ó dùn mí. Ọmọ tó mọṣẹ́, tí kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò tó o mọ̀ ọ́n gùn yóò sì kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ sí òkè gidi.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà kan ṣe dí, òmíràn wà nítòsí tí ẹnikẹ́ni ò wò. Àwọn pátákó Jones tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan, Dubai gan-an ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní SWS, tó ń bá ilé iṣẹ́ mìíràn náà ṣe tiwọn. Ọmọ wa ti ń fọwọ́ kan pátákó tí wọ́n ṣe ní ìlú tó ń gbé, kò mọ̀.

Ìpàdé Bódìjà

Mo ní kí a ṣe ìpàdé ní ìsọ̀ bàbá, kì í ṣe ní ọ́fíìsì mi. Ìyá ti Gbági wá, ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì pákó, a gbé fóònù ti ìgò omi kan, ọmọ sì wà lórí WhatsApp nídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìlapákó ò jẹ́ ká gbọ́ra dáadáa, a ní láti dúró dìgbà tí wọ́n pa á.

Lẹ́yìn tó ti kí wọn tán, bàbá ò bèèrè nípa físà tàbí owó. Ó ní, "Igi wo ló wà nínú ẹ̀?"

Ọmọ mú pátákó kan tó ti ya sí méjì jáde, ó fi ojú ibi tó ya han fóònù. Bàbá ní kó gbé e sún mọ́ iná. Ó fi ọwọ́ fa awò rẹ̀ wá sí imú.

"Wọn ò fi pákó kan ṣoṣo ṣe é," bàbá wí. "Wọ́n là á wẹ́wẹ́, wọ́n tún lẹ̀ ẹ́ padà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi. Poplar ni wọ́n sábà máa ń lò. Àwọn mìíràn ń fi paulownia sí i kó lè fúyẹ́."

"Kó má baà ká ni wọ́n ṣe là á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó sì nípọn láàárín, ó ń fẹ́lẹ́ lọ sí orí àti ìdí."

Ó wá tò ó fún bàbá rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè: ike tó le tó máa ń kan yìnyín, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí etí rẹ̀ ká, fáíbà, igi, fáíbà mìíràn, lẹ́yìn náà ojú tí wọ́n ya àwòrán sí. Gúlúù epoxy ló so gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ gbígbóná sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bàbá bèèrè ìbéèrè kan tí mo rí i pé ó mú inú ọmọ dùn. Ó ní, "Tí irin etí yẹn bá ya, tí omi wọ inú igi ńkọ́?"

"Iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn," ọmọ dáhùn. Ó mú pátákó mìíràn, ó tọ́ka sí ihò kan lábẹ́ rẹ̀ tó tó ìka méjì, níbi tí òkúta ti gbẹ́ ike náà dé igi. Ó ní tí èèyàn bá kánjú dí i nígbà tí igi ṣì tutù, kò ní pẹ́ tí fáíbà yóò fi ṣí kúrò lára rẹ̀, pátákó náà sì bà jẹ́ nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ ná. Lẹ́yìn náà ni yóò gé etí ihò náà kó gún, yóò gé ike tuntun tó bá a mu, yóò fi epoxy lẹ̀ ẹ́, yóò fi kílámpù dì í mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó mú èyí tó ti ṣe tán, ó fi èékánná họ ibi tí tuntun ti pàdé ti àtijọ́. Èékánná ò kọ́ nǹkan kan. Ó ti ìda bọ ara áyọ́ọ̀nù, ó ń kán sílẹ̀ tó-tó-tó lórí ike náà, ó fi áyọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ, ó fi ike pẹlẹbẹ ha èyí tó ṣẹ́kù kúrò, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n láti orí dé ìdí. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Bàbá yíjú sí ìyá. Ó ní, "Ọmọ yìí ò ṣeré."

Ìyá ní, "Mo ti rí i pé iṣẹ́ ni. Owó ni èmi ń bèèrè."

Ó sì bèèrè rẹ̀ dáadáa. Èló ló kù nínú gbèsè alájẹṣẹ́kù? Tó bá ṣubú lórí òkè yẹn tó ṣẹ́ ọwọ́, ta ni yóò sanwó ilé ìwòsàn? Mo ti sọ fún un pé ọrùn ọwọ́ ni àwọn tó ń kọ́ snowboard sábà máa ń ṣẹ́, torí ọwọ́ ni wọ́n ń nà sílẹ̀ bí wọ́n bá ń ṣubú. Tí ilé iṣẹ́ bá sì ní àwọn ò ṣe pátákó mọ́ ńkọ́? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ní 2010 ni Burton dẹ́kun ṣíṣe pátákó ní Vermont níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó iṣẹ́ náà lọ sí ibòmíràn bíi Austria, àwọn òṣìṣẹ́ tó mọwọ́ iṣẹ́ náà dáadáa sì pàdánù rẹ̀. Ní 2014, Nike, tí owó rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ní àwọn ń kúrò nínú òwò snowboard. Yìnyín pàápàá ti ń dín kù: ní Òlíńpíìkì Beijing 2022, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo yìnyín tí wọ́n lò ló jẹ́ ti ẹ̀rọ.

Ohun tí a fẹnu kò lé lórí

Èrò tèmi ni mo sọ fún wọn, mo sì dúró tì í di òní: iṣẹ́ tí ọmọ yìí ní lọ́wọ́ ni igi, gúlúù àti irin, yìnyín kàn jẹ́ ibi tí ọjà rẹ̀ wà lásìkò yìí. Tó bá di olùkọ́ ìpele kìíní, ohun tó máa tà ni ọ̀dọ́ rẹ̀ àti orúnkún rẹ̀, méjèèjì ló sì ń tán. Tó bá di ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe pátákó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọmọ ogójì ọdún lè ṣe é, ọmọ ọgọ́ta ọdún náà lè ṣe é. Òun kọ́kọ́ lọ́ra. Ó ní òun fẹ́ràn òkè. Mo ní kó fẹ́ràn ẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀.

A kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: gbèsè alájẹṣẹ́kù ni yóò kọ́kọ́ san tán nínú owó tó tọ́jú, kó tó ná kọ́bọ̀ lórí ìwé ẹ̀rí kankan. Tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ sanwó kó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, kó gbà á. Kò ní san án lápò ara rẹ̀. Yóò wáṣẹ́ sí ìdí ṣíṣe pátákó níbẹ̀ ní Dubai. Ìyá fi kún un pé kó má fo àfòṣánlẹ̀ kankan lórí yìnyín, ó sì ní kí n kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Mo kọ ọ́.

Ìwé ìwáṣẹ́ ló gba àkókò wa jù. Èyí tó ti ní tẹ́lẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀ gbogbogbòò: òṣìṣẹ́ tó jára mọ́ṣẹ́, tó mọ̀ ọ́n bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Kò sí igi nínú rẹ̀ rárá. Ọdún tó lò ní ìsọ̀ bàbá rẹ̀ kò sí níbẹ̀, torí ó rò pé iṣẹ́ ilé ni, kì í ṣe iṣẹ́. A tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. A fi irú igi tó mọ̀ sí i àti bó ṣe mọ èyí tó gbẹ àti èyí tí kò gbẹ, a fi ẹ̀rọ tó lè lò sí i, a sì fi fọ́tò àtúnṣe rẹ̀ sí i, bó ṣe rí kó tó fọwọ́ kàn án àti bó ṣe rí lẹ́yìn náà, pẹ̀lú àlàyé kúkúrú lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ àtúnṣe kọ̀wé tì í lẹ́yìn.

Ìwé àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́, wọn ò dá a lóhùn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ó tún fi òmíràn ránṣẹ́, wọ́n pè é kó wá dánra wò, wọ́n sì gbà á sí ìdí ìparí iṣẹ́: fífi sáńdípépà ra ara pátákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lábẹ́ ẹ̀rọ, pípọ́n irin etí rẹ̀, àti yíyẹ̀ ẹ́ wò bóyá gúlúù gba gbogbo ibi. Ibi tó kéré jù nínú ilé iṣẹ́ náà ni. Kò tíì fọwọ́ kan ìdí ibi tí wọ́n ti ń to igi, níbi tí ọkàn rẹ̀ wà.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló sì rọrùn. Ibi iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún un ní ibùsùn. Níbi iṣẹ́ tuntun yìí, òun ló ń san owó ilé, nítorí náà owó tó ń fi ránṣẹ́ sílé dín kù ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Ìyá bínú sí i, ó sì bínú sí mi náà. Mo gbà pé ó lẹ́tọ̀ọ́. Ohun tó pẹ̀tù sí i nínú ni pé gbèsè alájẹṣẹ́kù ti tán, wọ́n sì ti dá ìwé rẹ̀ padà fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ṣì ní Ìlú Ọba ló yẹ kó lọ. Ọ̀rọ̀ ìyàwó tún ti wọ̀ ọ́. N kò bá wọn dá sí ìyẹn.

Ohun kan ló kù tí a ò tíì parí. Físà iṣẹ́ ní Dubai so mọ́ agbanisíṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá bọ́, àkókò díẹ̀ ló ní láti rí òmíràn tàbí kó kúrò nílùú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń jíròrò ohun tí yóò ṣe tó bá di pé ó ń bọ̀ wálé. Èrò tirẹ̀ ni pátákó skateboard: maple ìpele méje tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, kò nílò irin tàbí ẹ̀rọ gbígbóná. Ó sì ti ń ní oníbàárà nítòsí wa: ní oṣù Kejìlá 2021 ni wọ́n ṣí Freedom Skate Park ní Accra, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun skateboard sì wà l'Ékòó. Maple kì í hù níbí. Bàbá ti gé arère àti àfàrà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń tẹ̀ wọ́n wò láàárín pákó méjì. Ó ní arère fúyẹ́ ṣùgbọ́n kò ní gbé èèyàn. Wọ́n ṣì ń bá ara wọn jiyàn lé e lórí WhatsApp.

Àdéhùn iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà yóò parí lọ́dún tó ń bọ̀. A óò tún jókòó kó tó di ìgbà náà, ìyá sì ti ní ìwé owó tó wọlé àti owó tó jáde ni òun fẹ́ kọ́kọ́ rí lórí tábìlì.